Lẹ́tà Ìwọ̀n Ara Tó Ń Wá Láti Iléèwé: Kí Ni Nọ́ọ̀sì Fẹ́ Fi Ọmọ Yín Ṣe?

Ọdọọdún ni. Tí lẹ́tà yẹn bá ti ń wọlé báyìí, gbogbo gúrúùpù WhatsApp àwa òbí tá a wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á gbóná janjan. Ìyá kan á ya fọ́tò lẹ́tà, á gbé e síbẹ̀, á ní ẹ wò ó, wọ́n ní ọmọ mi sanra jù, ọmọ tí mò ń fi òógùn ojú mi bọ́, tí kì í ṣàìsàn. Èkejì á ní má dá wọn lóhùn jàre, òyìnbó ni, kí ni wọ́n mọ̀ nípa eegun ọmọ aláwọ̀ dúdú. Ẹ̀kẹta á wá sọ èyí tó ń kó jìnnìjìnnì bá gbogbo èèyàn, pé ẹ ṣọ́ra o, báyìí ni wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, sósà ló kàn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó lè gba ọmọ lọ́wọ́ òbí. Ká tó wí ká tó fọ̀, mẹ́séèjì ti lé ní ọgọ́rùn-ún, kò sì sí ẹnì kan tó béèrè pé lẹ́tà yìí gan-an, kí ló ń sọ?

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ilé ni mo ti kọ́ṣẹ́ kí n tó kọjá síbí, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà yẹn. Mo ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìkómọjáde, ẹnu ti ń ro mí, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ síra yín.

Lẹ́tà wo là ń sọ?

Ní England, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní National Child Measurement Programme. Ọdún ẹ̀kọ́ 2005/06 ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń wọn ọmọ, nígbà tó bá wà ní Reception, ìyẹn ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún, àti nígbà tó bá dé Year 6, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mọ́kànlá. Gíga ẹ̀ àti ìwọ̀n ara ẹ̀ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. (Scotland àti Wales ní tiwọn lọ́tọ̀, àmọ́ ti England ni mo mọ̀ dunjú, òun ni màá sọ.)

Wọn kì í bọ́ ọmọ síhòòhò o. Bàtà àti kóòtù ló máa bọ́, kọ̀rọ̀ kan ni wọ́n ti máa wọ̀n ọ́n níbi tí àwọn tó kù ò ti ní í rí nọ́ńbà ẹ̀, wọn ò ní í sọ nọ́ńbà náà fún un, wọn ò sì ní í sọ fún tíṣà. Ẹ̀yin òbí nìkan ni lẹ́tà ń wá bá. Kó tó dọjọ́ náà wọ́n á ti kọ̀wé sí yín, ẹ sì lè sọ pé ẹ ò fẹ́, kò sẹ́ni tó máa mú yín. Ọmọ fúnra ẹ̀ náà lè dé iwájú òṣùwọ̀n kó ní òun ò gùn ún, wọn ò ní í fipá mú un.

Kí ni ìsanrajù nínú ara ọmọdé?

Ìsanrajù ni kí ọ̀rá tó kó jọ sára èèyàn pọ̀ débi tó lè kóbá ìlera ẹ̀. Ọ̀rá ni mo wí o, kì í ṣe eegun, kì í ṣe gíga, kì í ṣe pé ọmọ síngbọnlẹ̀. Ibẹ̀ ló ti wá ṣòro, torí kò sẹ́ni tó lè la ọmọ wò láti mọ iye ọ̀rá tó wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní BMI láti fi fojú bù ú. Ẹ mú ìwọ̀n ara ọmọ ní kílò, ẹ fi gíga ẹ̀ ní mítà pín in, kẹ́ ẹ tún wá fi gíga yẹn kan náà pín ohun tẹ́ ẹ rí. Ká ní ọmọ ọdún mẹ́wàá kan wà tí ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ kílò 40, tí gíga ẹ̀ sì jẹ́ mítà 1.35. Ẹ fi 1.35 pín 40, ó di nǹkan bíi 29.6, ẹ tún fi 1.35 pín ìyẹn, ó di bíi 22.

Níbí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà, torí wọ́n á sáré lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á rí i pé 22 dáa, wọ́n á wá ní nọ́ọ̀sì ń purọ́. 22 dáa lóòótọ́, fún èmi àti ẹ̀yin tá a ti dàgbà. (Àwa àgbà aláwọ̀ dúdú gan-an, láti 23 ni wọ́n ti ń ní ká máa ṣọ́ra níbí, kì í ṣe 25 tí gbogbo èèyàn mọ̀, torí ìtọ̀ ṣúgà tètè máa ń mú wa. Ẹ fi ìyẹn sápò ná.) Fún ọmọ ọdún mẹ́wàá, 22 ti pọ̀. Ara ọmọdé kì í dúró sójú kan. Ọmọ ọdún kan á ki pọ́pọ́, tó bá tó bí ọdún márùn-ún sí mẹ́fà á wá tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé eegun ìhà á máa yọ, màmá màmá ẹ̀ á ní kí lẹ tiẹ̀ ń fún ọmọ yìí jẹ, lẹ́yìn ìyẹn ni ara á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹran díẹ̀díẹ̀. Torí náà nọ́ńbà kan ṣoṣo ò lè bá gbogbo ọmọ mu, àfi kí wọ́n fi ọmọ wé àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin, obìnrin pẹ̀lú obìnrin.

Ìlà 91 àti ìlà 98, kí nìyẹn?

Ẹ ronú nípa asẹ́ńbílì àárọ̀ nígbà tá a wà ní pírámárì. Ẹ to ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù níwájú, ẹni tó sanra jù lẹ́yìn pátápátá. Tí wọ́n bá ní ọmọ yín wà ní ìlà 91, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé nínú ọgọ́rùn-ún yẹn, bíi 91 ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ. Lẹ́tà á ní kò séwu tí ọmọ bá wà láàárín ìlà 2 sí 91. Tó bá ti kọjá 91 wọ́n á ní ìwọ̀n ẹ̀ ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ, tó bá kọjá 98 wọ́n á ní ó ti pọ̀ jù gan-an, òun là ń pè ní ìsanrajù. Ẹni tí kò bá sì tó ìlà 2, ó rù jù nìyẹn, lẹ́tà á wá fún òun náà. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀yẹn, wọ́n rò pé ọmọ tó sanra nìkan ni wọ́n dojú kọ.

Ẹnì kan bi mí ní ìbéèrè tó mọ́gbọ́n wá nípa èyí, ó ní tó bá jẹ́ pé ìlà 98 ni, ṣebí ọmọ méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó kọjá ẹ̀, báwo ló ṣe wá pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń wí? Ìdáhùn ẹ̀ ni pé àwọn ọgọ́rùn-ún ọmọ tó wà lórí ìlà yẹn kì í ṣe ọmọ kíláàsì àwọn ọmọ yín. Àwọn ọmọ tí wọ́n wọ̀n ní Britain nígbà kan sẹ́yìn ni, tí wọ́n fi ṣe ìlà ọdún 1990. Ó dà bíi kóńgò tí àwọn alátẹ ń fi wọn ẹ̀wà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọjà ti gbówó lórí, kóńgò yẹn ò gbọ́dọ̀ yí padà, torí tí kóńgò náà bá ń kéré sí i bí owó ṣe ń lọ sókè, ẹ ò ní í mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mọ́. Bó ṣe rí nìyẹn. Tí wọ́n bá ń fi àwọn ọmọ òde òní wé ara wọn, tí gbogbo wọn bá jọ ń sanra sí i, kò sẹ́ni tó máa fura.

Ohun míì tó tún ń da èèyàn láàmú ni ìwé ìròyìn. Tí wọ́n bá ń ka iye ọmọ tó ní ìsanrajù ní gbogbo orílẹ̀-èdè, ìlà 95 ni wọ́n ń lò, kì í ṣe 98. Òun ni wọ́n fi ka a lọ́dún ẹ̀kọ́ 2023/24 pé ó jẹ́ 9.6 nínú ọgọ́rùn-ún ní Reception àti 22.1 nínú ọgọ́rùn-ún ní Year 6. Torí náà ọmọ kan lè wà nínú àwọn tí ìwé ìròyìn kà mọ́ onísanrajù, kí lẹ́tà tirẹ̀ má sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe irọ́, ìlà méjì ni. Ẹ sì tún wo nọ́ńbà yẹn dáadáa, láàárín Reception sí Year 6 ó ju ìlọ́po méjì lọ, ní àdúgbò àwọn tí kò lówó ó sì tún ju ìlọ́po méjì ti àdúgbò àwọn olówó lọ. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ọ̀kánjúwà oúnjẹ lásán ni, kó wá ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Nọ́ọ̀sì wo gan-an ló wà nídìí ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì pọ̀ níbẹ̀ o. Nígbà tí ọmọ wà ní jòjòló, health visitor ló ń wá kí yín nílé, nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí tó tún lọ kọ́ ẹ̀kọ́ sí i ni, òun ló máa ń kọ ìwọ̀n ọmọ sínú ìwé pupa, ìyẹn ìwé ìlera ọmọ. Tí ọmọ bá wọ iléèwé, ó bọ́ sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì iléèwé nìyẹn. Ẹni tó wá wọn ọmọ lọ́jọ́ náà lè má tiẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀, ó lè jẹ́ olùrànlọ́wọ́ tí wọ́n kọ́, àmọ́ abẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìlera míì ló ti ń ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀sì tún wà lọ́dọ̀ GP yín, ìyẹn dókítà àdúgbò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wá le, tí ìsanrajù bá ti ń bá ọmọ fa àìsàn míì, láti ọdún 2021 NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba, ti ń ṣí kílíníìkì pàtàkì fún irú wọn, tí dókítà, nọ́ọ̀sì, onímọ̀ oúnjẹ, onímọ̀ nípa èrò ọkàn àti òṣìṣẹ́ àwùjọ ti jọ ń ṣiṣẹ́ pa pọ̀. Níbẹ̀, nọ́ọ̀sì lẹni tí ìdílé ní nọ́ńbà fóònù ẹ̀, òun ló mọ̀ pé ìyá ọmọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, òun ló máa sọ fún dókítà pé ẹ má fún wọn ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀.

Tẹ́ ẹ bá pè é, kí ló máa ṣe?

Ó máa béèrè ìbéèrè. Mo mọ̀ pé kò dún bí iṣẹ́, àmọ́ iṣẹ́ ọ̀hún nìyẹn. Èyí tó máa kọ́kọ́ bi yín ni pé ṣé ẹ fẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀n ara ọmọ yìí? Ìtọ́sọ́nà NICE, àjọ tó ń fi ìlànà ìtọ́jú lélẹ̀ níbí, tó jáde ní oṣù kìn-ín-ní 2025 ló fi lélẹ̀ pé kí àwa òṣìṣẹ́ ìlera máa kọ́kọ́ gbàyè ká tó ya ẹnu wa. Tẹ́ ẹ bá ní kì í ṣe òní, kì í ṣe òní.

Lẹ́yìn náà á bi yín pé aago mélòó lọmọ ń sùn, ta ló ń lọ mú un níléèwé, ta ló ń dáná, ṣé àyè wà níbi tẹ́ ẹ̀ ń gbé tó lè sáré sí, ṣé wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ níléèwé. Àwọn òbí míì máa ń bínú sí ìbéèrè yìí, wọ́n rò pé ó ń ṣe CID. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín, mo ti pa á dà kó má bàa jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́wàá kan ni. Ìyá ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ care lóru, ó ń sùn lọ́sàn-án, torí náà ó máa ń fún ọmọ ní owó díẹ̀ kó ra ṣíkìn àti chips bó bá ti jáde níléèwé kó má bàa jí òun. Bàbá ẹ̀ á dé láago mẹ́jọ alẹ́, á bi í pé kí lo jẹ, ọmọ á ní chips. Bàbá ò ka chips sí oúnjẹ, èwo lára wa ló kà á sí oúnjẹ, á wá ro ẹ̀bà fún un, ẹ̀bà àgbà. Ìyá ò mọ̀ nípa ẹ̀bà, bàbá ò mọ̀ pé ojoojúmọ́ ni chips. Oúnjẹ alẹ́ méjì lọmọ ń jẹ lójúmọ́ látọdún tó kọjá, ó sì ń sùn tì í. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ò sì gbé ìwé oúnjẹ kankan fún wọn, ó kàn bi wọ́n pé ta ló ń fún un lóúnjẹ, aago mélòó, àwọn méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n wojú ara wọn, ọ̀rọ̀ ti yé wọn.

Ohun kejì tí nọ́ọ̀sì máa ń ṣe ni pé ó máa ń sọ ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ fún yín, ibẹ̀ sì máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, a ò fẹ́ kó fọn rárá. Ṣẹ́ẹ mọ bá a ṣe máa ń ra yunifọ́ọ̀mù tó tóbi jù fún ọmọ ní September, tá a ní á dàgbà bá a? Ohun kan náà ni. Ara yìí ti tóbi ju ọmọ lọ, ẹ jẹ́ kó dúró síbi tó wà, kí ọmọ máa ga lọ bá a. Ọmọ tó dúró sí kílò 40 lọ́dún kan gbáko tó sì ga sí i, ó ti ṣe dáadáa gan-an, bẹ́ẹ̀ òṣùwọ̀n ò yí padà. Ìdí nìyẹn tá ò fi ń fẹ́ kẹ́ ẹ febi pa ọmọ, kẹ́ ẹ fi oúnjẹ àárọ̀ dù ú, tàbí kẹ́ ẹ ra tíì tó ń mú ikùn wọlé. Abẹ́rẹ́ tó ń mú èèyàn fọn tí gbogbo àgbà ń gún yìí náà, ẹ má ra á lórí Instagram fún ọmọ, ẹ jọ̀ọ́. Tó bá kan irú ọmọ kan pé ó nílò oògùn, dókítà àwọn ọmọdé ló máa sọ ọ́.

Oṣù díẹ̀ sígbà náà á tún pè yín. Ìpè kejì yìí gan-an ni mo kà sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì jù, torí gbogbo èèyàn ló lè gbani nímọ̀ràn lẹ́ẹ̀kan. Kí n sọ òótọ́, kì í ṣe gbogbo ibi ni ìpè kejì ti ń wá, àwọn nọ́ọ̀sì iléèwé ò pọ̀ tó, iléèwé mélòó kan ló wà lọ́rùn ẹnì kan ṣoṣo. Tí kò bá pè, ẹ pè é.

Kí ló ń wò lára ọmọ?

Ọrùn. Ẹ wo ẹ̀yìn ọrùn ọmọ yín lónìí. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀yìn ọrùn wọn dúdú kirikiri, awọ ibẹ̀ nípọn, ó sì máa ń rí múlọ́múlọ́ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, ó lè wà ní abíyá náà. Ìyá á ní ìdọ̀tí ni, á mú kànìnkànìn, á mú ọṣẹ dúdú, á fọ ọrùn ọmọ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, kò ní í lọ, ọmọ á tún jẹ èébú pé kì í wẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Insulin ni nǹkan tí ara fi ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà kó lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Tí ọ̀rá bá pọ̀ jù, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í dití sí insulin, á wá di pé kó máa pariwo, ìyẹn ni pé á máa tú insulin jáde sí i, insulin tó pọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí awọ ibẹ̀ ki. Ìkìlọ̀ ni, pé ìtọ̀ ṣúgà lè máa bọ̀ lọ́nà. Nọ́ọ̀sì á ní kí GP yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò. Tí ọmọ bá tún wá ń mu omi ní àmujù, tó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, ẹ má dúró de lẹ́tà kankan, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ.

Ó máa bi yín nípa oorun. Ọmọ tó ń hanrun bí àgbàlagbà, tí èémí ẹ̀ ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó tún fà á, oorun yẹn ò ṣe é ní nǹkan kan, á máa tòògbé ní kíláàsì, tíṣà á ní kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́. Ó máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó máa bi yín bóyá ìgbáròkó tàbí orúnkún ń dùn ún, torí ìsanrajù lè mú kí orí eegun itan yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kúrò níbi tó wà, pàápàá nígbà tí ọmọ bá ń bàlágà. Ọmọ tó bá ń tiro, ọjọ́ náà lẹ máa gbé e lọ sí ọsibítù.

Gíga náà ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tó sanra torí oúnjẹ àti ìjókòó sójú kan sábà máa ń ga ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ. Ọmọ tó bá sanra tí kò sì ga mọ́, ìyẹn ń kọ wá lóminú, ó lè jẹ́ pé omi ara kan, ìyẹn họ́mọ́ùnù, ló dàrú. Oògùn náà wà níbẹ̀, àwọn oògùn sítẹ́rọ́ìdì tí ọmọ mu pẹ́ lè mú un sanra. Ẹ kó gbogbo oògùn tọ́mọ ń lò dání, títí kan àgbo.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ ọmọ tó ti pé ọdún márùn-ún wò fúnra yín, ẹ mú okùn kan, ẹ fi wọn gíga ẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ gé e síbẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì. Ìdajì yẹn, ẹ fi yí ìbàdí ẹ̀ ká, láàárín eegun ìhà ìsàlẹ̀ àti orí ìgbáròkó. Tí okùn bá dé tó sì ṣẹ́ kù, ó dáa. Tí kò bá lè yí i ká, ọ̀rá ikùn ti pọ̀, ẹ lọ rí nọ́ọ̀sì.

Ṣé oúnjẹ wa ni ìṣòro?

Rárá, ó sì máa ń dùn mí tí wọ́n bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo rántí ibì kan tí nọ́ọ̀sì kan ti sọ fún ìyá kan lójú ọmọ ẹ̀ pé kí wọ́n jáwọ́ nínú àwọn oúnjẹ Áfíríkà yẹn. Ìyá yẹn ò padà wá mọ́, èmi náà ò ní í padà wá. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀fọ́ rírò, ẹja, ilá, kò sí èwo tí nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ máa ní kẹ́ ẹ dá nù. Ohun tá a lè sọ ni pé kí ẹ̀bà kéré kí ọbẹ̀ sì pọ̀, kí epo má léfòó, kí ọmọ ọdún mẹ́fà má jẹ òkèlè tó dọ́gba pẹ̀lú ti bàbá ẹ̀. Tó bá tún ní òun ti yó, ó ti yó, ẹ má ní kó parí ẹ̀ torí àwọn ọmọ tí ebi ń pa ní ilé.

Ohun mímu ló ń dà á rú jù. Ṣúgà tí wọ́n ń fi kún nǹkan, ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà ò gbọ́dọ̀ jẹ ju gíráàmù 19 lọ lójúmọ́, bíi kóró ṣúgà márùn-ún nìyẹn. Ọdún méje sí mẹ́wàá, gíráàmù 24, kóró mẹ́fà. Láti ọdún mọ́kànlá, gíráàmù 30, kóró méje. Agolo Coca-Cola 330ml kan ní gíráàmù 35. Ẹ ti rí i pé agolo kan ṣoṣo ti kọjá ti ọjọ́ kan fún gbogbo wọn. Mọ́ọ̀tì ńkọ́, tá a ń fún ọmọ pé ó ń fún wọn lẹ́jẹ̀? Ẹ yí ìgò ẹ̀ padà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ sugars sí, ẹ fi 4 pín in, ẹ máa rí iye kóró tó wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra, nígbà míì ti 100ml ni wọ́n kọ, ìgò sì jẹ́ 330ml. Júùsì náà, ti ojúlówó èso gan-an, 150ml ló mọ lójúmọ́.

Eré ìdárayá, ọgọ́ta ìṣẹ́jú lójúmọ́ ni wọ́n ń fẹ́ fún ọmọ ọdún márùn-ún sí méjìdínlógún, kò pọn dandan kó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ijó inú pálọ̀ wà níbẹ̀. Kí fóònù má sì bá wọn wọ yàrá lálẹ́.

Sósà ńkọ́?

Lẹ́tà yìí kì í ṣe ìwé sósà. Kò sẹ́ni tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ òbí torí pé òṣùwọ̀n fi ìlà 98 hàn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, mélòó nínú àwọn ọmọ Year 6 ló máa kù nílé? Kí n má tàn yín o, tí àìsàn bá ti wọ̀ ọ́, tí wọ́n ń fún yín ní àpọ́íńtìmẹ́ǹtì tẹ́ ò ń lọ, tí wọ́n pè tẹ́ ò gbé e, títí ọ̀rọ̀ ọmọ fi ń burú sí i, nọ́ọ̀sì lè fi tó sósà létí. Bó ṣe máa ṣe fún ọmọ tó ní asthma náà nìyẹn. Ẹni tó bá ń gbé fóònù ò ní nǹkan tó ń bẹ̀rù.

Kí nìdí tó fi ń dùn wá tó bẹ́ẹ̀?

Torí bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ẹ rántí ọjọ́ ìwọ̀n ọmọ ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ní ilé, tí wọ́n á gbé ọmọ kọ́ síkéèlì bí ìgbà tí wọ́n ń wọn ẹran, tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ bá lọ sókè nọ́ọ̀sì á rẹ́rìn-ín, á ní ìyá yìí ń gbìyànjú. Tí kò bá lọ sókè ẹ máa gba ìbáwí. Kò burú nígbà yẹn, kwashiorkor la ń sá fún, èmi náà ti jókòó sídìí síkéèlì yẹn tí mo ń bá wọn wí. Ọmọ tó rù, ìyá ẹ̀ ló ń tì lójú. Ẹ wá ronú pé ẹni tó gbọ́ ìyìn yẹn fún ọdún mẹ́ta wá gba lẹ́tà tó ní ó ti pọ̀ jù. Síkéèlì kan náà ni, ṣáàtì kan náà ni, ọ̀nà kejì ni wọ́n ń wò báyìí.

Ọmọ náà sì ń gbọ́ wa. Tí lẹ́tà bá dé, ẹ má kà á sókè lórí tábìlì. Ẹ má pè é ní orobo, kódà kẹ́ ẹ máa ṣàwàdà, ẹ bá àwọn àǹtí àti àwọn ìyá àgbà sọ ọ́ náà. Ọmọbìnrin kan sọ fún mi pé òun máa ń jẹun nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ iléèwé torí òun ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí òun. Ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí padà, gbogbo ilé ni kẹ́ ẹ yí i padà fún, ẹ ò lè ra mọ́ọ̀tì fún àbúrò tó tẹ́ẹ́rẹ́ kẹ́ ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n máa mu omi.

Lẹ́tà wà lọ́wọ́ mi báyìí, kí ni kí n ṣe?

Nọ́ńbà kan wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ẹ pè é. Ẹ ní ẹ fẹ́ bá nọ́ọ̀sì iléèwé sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n sọ ìlà tọ́mọ wà fún yín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu pé ó pọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n tún un wọ̀n, ẹ sọ. Tí nọ́ọ̀sì náà bá sọ̀rọ̀ sí yín bí kò ṣe yẹ, ẹ lè ní ẹlòmíì lẹ fẹ́ rí.

Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ wá ìwé pupa ọmọ jáde, ó ṣeé ṣe kó wà nínú àpótí níbi tẹ́ ẹ tọ́jú páálí ìbí ẹ̀ sí. Gbogbo ìwọ̀n ẹ̀ látìgbà tẹ́ ẹ ti bí i ló wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì á fi pẹ́ńsù so wọ́n pọ̀ mọ́ ti Reception àti Year 6, ẹ máa rí ibi tí ìlà yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sókè. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé lọ́dún yẹn. Ìyá kan wo ti ọmọ tiẹ̀ títí, ó ní ọdún 2019, ọdún tí màmá mi padà sí Ìbàdàn nìyẹn, àwọn ló máa ń bá mi rìn ín lọ sí iléèwé.